Ayọ̀délé Awójọbí

Ayọ̀délé Olúwatùmínú Awójọbí (ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1937 sí ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984) jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, olùṣèwádìí, òǹkọ̀wé àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ará ìlú ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì ìlú Èkó ní Akọkà, tí ó bá Bárígà pààlà, tí kò sì jìnnà sí Ṣómólú. Òun ni a mọ̀ sí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù fún ní oyè DSc nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí àwọn ará ìlú fi mọ̀ ọ́ jù ni bí ó ṣe gbé ìmọ̀ ìṣirò kúrò nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, tí ó fi ń yẹ ìbò àti owó ìlú wò ní gbangba.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Oṣòdì ní Èkó ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, Olóyè Daniel Adékọ̀yà Awójọbí, jẹ́ ọmọ Ìkòròdú, ó sì jẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin. Ìyá rẹ̀, Comfort Bámidélé, jẹ́ ọmọ Mọ́dákẹ́kẹ́, òwò kékeré ni ó ń ṣe. Láti ọdún 1942 sí 1947 ni Awójọbí fi kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Peter's ní Fájì, ní erékùṣù Èkó. Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí CMS Grammar School.

Àwọn tí wọ́n bá mọ ilé ẹ̀kọ́ yìí lónìí, Bárígà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Awójọbí ń lọ síbẹ̀, erékùṣù Èkó ni ó ṣì wà, níbi tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1859, tí Thomas Babington Macaulay sì jẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Herbert Macaulay, ọmọ ọ̀gá àgbà náà, kàwé níbẹ̀ kí ó tó di onímọ̀ ẹ̀rọ àti olóṣèlú. Nítorí náà, kì í ṣe Awójọbí ni ẹni àkọ́kọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ yẹn tọ́ dàgbà tí yóò kó ìmọ̀ ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ìjà fún ará ìlú.

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama náà, kì í ṣe ìṣirò nìkan ni ó ta yọ nínú rẹ̀. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tí ń jiyàn tí wọ́n sì ń ka ìwé lítíréṣọ̀. Ìtàn kan tí kò parẹ́ láàárín àwọn ojúgbà rẹ̀ ni ti eré Macbeth. Nígbà tí ọjọ́ eré kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹni tí yóò ṣe olú ẹ̀dá ìtàn ṣàìsàn, wọ́n sì fi Awójọbí rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀ nìkan ni ó há sórí láàárín ọjọ́ péréte. Ó mọ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì ń rán wọn létí lórí ìtàgé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Macbeth.

Ní ọdún 1955, ó yege nínú ìdánwò àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì gba ipò tí ó ga jù lọ nínú ẹ̀kọ́ mẹ́jọ. Ó lọ sí Nigerian College of Arts, Science and Technology ní Ìbàdàn, níbi tí ó ti ṣe ìdánwò onípele gíga ní ọdún 1958 nínú físíìsì àti ẹ̀ka ìṣirò méjì, tí ó sì ta yọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìjọba àpapọ̀ fún un ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, ó sì kọjá sí ẹ̀ka kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà ní Zaria, èyí tí ó padà di Yunifásítì Ahmadu Bello. Ibẹ̀ ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Zaria nígbà náà, ìpele kìíní ni Awójọbí sì wà nígbà tí ó gba tirẹ̀ ní ọdún 1962. Ìjọba tún san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ sí Imperial College, Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní ọdún 1966.

A kò gbọdọ̀ fojú kéré ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ méjèèjì yìí. Ọmọ òṣìṣẹ́ ojú irin àti ìyá oníṣòwò kékeré ni Awójọbí. Owó ará ìlú ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ó dà, ó sì jọ pé kò gbàgbé ibi tí owó náà ti wá nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bí wọ́n ṣe ń ná èyí tó kù.

Ìwádìí rẹ̀

Ohun tí Awójọbí kọ́ jinlẹ̀ jù lọ ni gbígbọ̀n. Bí ẹ̀rọ ńlá kan bá ń ṣiṣẹ́ lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ tí ó gbé e dúró yóò máa gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí yóò bá fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lélẹ̀ ní láti mọ bí ilẹ̀ náà yóò ṣe gbọ̀n tó, bí agbára yẹn yóò ṣe tàn káàkiri, àti ìwọ̀n eré tí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ sá kí gbígbọ̀n tirẹ̀ má baà bá ti ilẹ̀ mu, kí ó sì di ewu. Ní ọdún 1965, òun àti Peter Grootenhuis, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Imperial College, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ọ̀ràn yìí nínú ìwé ìròyìn ìwádìí ti Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ó tẹ̀ síwájú sí ìbéèrè mìíràn tí ó le ju èyí lọ. Nínú ìṣirò àwọn tí ó ṣáájú, wọ́n sábà máa ń ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ gidi kì í rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ṣe ń walẹ̀ sí i ni yóò máa le sí i. Awójọbí àti R. E. Gibson ṣiṣẹ́ lórí irú ilẹ̀ yìí, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1973. Ẹni tí ó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń gbá òpó wọ inú ẹrọ̀fọ̀ kí wọ́n tó kọ́lé létí ọ̀sà ní Bárígà tàbí ní Akọkà yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán.

Ó padà sí Imperial College fún ìwádìí síwájú sí i lórí gbígbọ̀n, àpapọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì wò kí wọ́n tó fún un ní oyè DSc ní ọdún 1974. Oyè yìí ju ti ọ̀mọ̀wé lọ, ó sì ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó fún ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún. Ẹni ọdún 37 ni Awójọbí nígbà náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ni Yunifásítì ìlú Èkó sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù lọ nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀.

Ní Akọkà

Ọdún 1962 ni wọ́n dá Yunifásítì ìlú Èkó sílẹ̀. Ẹ̀ka mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ ní: ètò ìṣòwò àti àkóso rẹ̀, òfin, àti ìmọ̀ ìṣègùn. Ìmọ̀ ẹ̀rọ kò dé títí di ọdún 1964. Ètò yìí fi hàn pé akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí yóò mójú tó owó ni orílẹ̀-èdè tuntun náà kọ́kọ́ wá, kí ó tó kan ẹni tí yóò ṣe ẹ̀rọ. Awójọbí dé gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ní ọdún 1966, nígbà tí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣì jẹ́ ọmọ ọdún méjì.

Ní àyíká ọgbà yunifásítì yìí ni Àbúlé-Ọjà, Ìwáyà, Onike àti Bárígà wà, àwọn àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba yàrá. Ṣómólú kò jìnnà, ibẹ̀ sì ni àdúgbò àwọn atẹ̀wé, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ ìwé tí ó sì ti ń di í pọ̀. Láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ni orúkọ ìnagijẹ Awójọbí mìíràn ti gbilẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Dead Easy, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí ó bá dà bí òkè lójú wọn, òun a sọ ọ́ di pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ń pè é ní Òmìrán Akọkà.

Kì í ṣe pátákó ìkọ̀wé nìkan ni ó fi ń kọ́ni. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò nínú wíwa ọkọ̀ ní apá òsì ọ̀nà, ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà ni ọwọ́ ọkọ̀ wọn wà ní apá ọ̀tún, èyí tí kò bá ètò tuntun mu dáadáa, torí pé awakọ̀ kò ní lè rí iwájú kedere bí ó bá fẹ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀. Awójọbí mú ọkọ̀ ìdílé rẹ̀, Opel Olympia Rekord, ó sì fúnra rẹ̀ gbé ọwọ́ ọkọ̀ láti apá ọ̀tún sí apá òsì. Iṣẹ́ yìí ju kí a tú nǹkan níhìn-ín kí a dè é sọ́hùn-ún lọ. Àwọn irin tí ó so ọwọ́ ọkọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ iwájú, àti gbogbo ohun tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ni ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Èyí tí ó mú kí orúkọ rẹ̀ kàn jù ni Autonov 1. Jíìpù àlòkù tí ó jẹ́ ti àwọn ológun ni ó fi ṣe é. Ó fi ọwọ́ ọkọ̀ kejì sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí ẹ̀yìn fi di iwájú kejì, ó sì tún ẹ̀rọ rẹ̀ tò kí ọkọ̀ lè lo gbogbo jíà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìhà méjèèjì. Ọkọ̀ lásán, jíà kan péré ni ó ní fún ìrìn ẹ̀yìn, kò sì lè sáré. Autonov 1 lè sáré lọ kí ó sì sáré bọ̀ láìyí padà. Ó rọrùn láti rí ohun tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wúlò fún lójú ogun tàbí ní òpópónà tóóró tí kò ní ibi ìyípadà. Síbẹ̀, kò sí ilé iṣẹ́ tí ó gbà á láti máa ṣe é fún títà. Yunifásítì ní ẹni tí ó lè ronú irú nǹkan báyìí kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Owó àti ètò ìṣòwò tí yóò gbé e jáde kúrò ní Akọkà ni kò sí. Ẹ̀ka ìṣòwò àti ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ jọ wà nínú ọgbà kan náà, ṣùgbọ́n àfara kò sí láàárín wọn.

Ìṣirò méjìlá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1979, wọ́n dìbò yan ààrẹ. Shehu Shagari ti ẹgbẹ́ NPN ní ìbò 5,688,857, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ẹgbẹ́ UPN sì ní 4,916,651. Ṣùgbọ́n òfin kò ní kí ìbò pọ̀ nìkan. Ó ní olùborí gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ni ó wà nígbà náà. Shagari ní iye tí òfin wí ní ìpínlẹ̀ 12. Ní Kano, tí ì bá jẹ́ ìkẹtàlá, 243,423 ni ó ní nínú ìbò 1,220,763, èyí tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin.

Àwọn agbẹjọ́rò Awólọ́wọ̀ sọ pé ìpínlẹ̀ kò ṣe é gé bí iṣu, nítorí náà 13 ni ìdá méjì nínú mẹ́ta 19. Ẹgbẹ́ NPN, tí Richard Akínjídé ṣojú fún, ní 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ni, àjọ elétò ìdìbò sì gba tirẹ̀. Wọ́n mú ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò Kano, èyí tí ó jẹ́ 813,842. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kò ju 203,461 lọ. Níwọ̀n bí ìbò Shagari ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n kéde rẹ̀ ní olùborí.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, torí pé akẹ́kọ̀ọ́ girama èyíkéyìí lè yẹ ìṣirò yìí wò. Wọ́n gé àpapọ̀ ìbò Kano kù sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n wọn kò gé ìbò Shagari ní Kano. Bí wọ́n bá gé méjèèjì bákan náà, 162,282 ni yóò kù fún un nínú 813,842, kò sì ní dé ojú ìwọ̀n. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1979, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fọwọ́ sí ìyànsípò Shagari. Adájọ́ mẹ́fà fara mọ́ ọn, Káyọ̀dé Èṣó nìkan ni kò bá wọn gbà.

Awójọbí wà lára àwọn tí ohùn wọn ròkè jù lọ nínú àwọn tí ó tako ìdájọ́ náà. Lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ju ti ẹgbẹ́ òṣèlú méjì lọ. Olùkọ́ tí ó ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ohun tí a bá ṣe sí apá kan ìṣirò ni a gbọ́dọ̀ ṣe sí èkejì kò lè jókòó kí ìjọba fi èyí tí ó yàtọ̀ sí i gbé ààrẹ wọlé. Ó ń lọ láti ọgbà yunifásítì kan dé òmíràn láti sọ̀rọ̀, ó ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn, ó sì gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́. Àwọn ẹjọ́ náà kò so èso. Èdè òfin yàtọ̀ sí èdè ìṣirò, ilé ẹjọ́ sì ń bèèrè àwọn nǹkan tí ìṣirò kì í bèèrè, bíi ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ àti ibi tí agbára adájọ́ mọ.

Owó epo

Ìgbà tí Awójọbí di ọ̀jọ̀gbọ́n ni owó epo rọ̀pìrọ̀pì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Bí wọ́n ṣe ń ná an ni ó fi ìdí ìjà rẹ̀ kejì múlẹ̀. Àpẹẹrẹ kan tí gbogbo Èkó fojú rí ni ti sìmẹ́ńtì ní ọdún 1975. Wọ́n ti ṣe àdéhùn fún nǹkan bí ogún mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, nígbà tí èbúté Èkó kò lè gbà ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tò sí ojú òkun, wọ́n ń retí àtigúnlẹ̀, ìjọba sì ń san owó ìdúró fún wọn. Kò sí ẹ̀kọ́ ìṣúná owó tí ó jinlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nílò láti rí àṣìṣe náà. Ogún pín sí ọ̀kan ni.

Púpọ̀ nínú owó epo ni ó bá iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ìkọ́lé lọ: ojú ọ̀nà, ìsédò, ilé iṣẹ́ irin, olú ìlú tuntun ní Àbújá. Nítorí náà, kì í ṣe ìyọjúràn bí onímọ̀ ẹ̀rọ bá bèèrè iye tí wọ́n ná. Akáwó lè mọ̀ bóyá ìwé owó pé tàbí kò pé, ṣùgbọ́n onímọ̀ ẹ̀rọ ni yóò mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí wọ́n sọ pé àwọn ṣe tó iye náà. Nígbà ìjọba Shagari, Awójọbí kọ ìwé Where Our Oil Money Has Gone láti fi tọpinpin owó náà. Kì í ṣe aláìgbè sẹ́yìn ẹnì kan, ẹgbẹ́ tí ó wà lórí oyè ni ó dojú kọ, àwọn alátakò rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ìyẹn bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí yóò bá dá a lẹ́bi tàbí tí yóò dá a láre gbọ́dọ̀ rántí pé ní ọdún 1982, nígbà tí owó epo wálẹ̀, ìjọba kan náà ni ó ṣe òfin láti fún ìnáwó ní gbogbo orílẹ̀-èdè mọ́ra.

Ìjà yìí gba ọ̀pọ̀ nínú àkókò rẹ̀. Àwọn iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ tí ó lágbára jù jẹ́ ti àwọn ọdún tí ó ṣáájú èyí, ó sì ṣòro kí ènìyàn má ronú ohun tí ìmọ̀ ẹ̀rọ pàdánù nígbà tí òṣèlú gbà á.

Ikú àti ìrántí rẹ̀

Àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Shagari ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983. Awójọbí kò lo ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984, ní ẹni ọdún 47. Ó fi ìyàwó àti àwọn ọmọ sílẹ̀.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009, Babátúndé Fáṣọlá, tí ó jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà náà, ṣí aṣọ lójú ère rẹ̀ ní oríta Onike, nínú ọgbà kékeré kan tí wọ́n sọ ní orúkọ rẹ̀. Oríta náà wà ní ojú ọ̀nà tí ó ti Yábà wọ Akọkà, níbi tí àwọn ọkọ̀ tí ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí yunifásítì ti ń yí po.